Bí káńsù Northampton ṣe ta Sekhemka

Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù keje ọdún 2014, wọ́n ta ère òkúta Sekhemka, òṣìṣẹ́ ìjọba kan ní Íjíbítì àtijọ́, ní ilé gbàǹjo Christie's ní Lọ́ńdọ̀nù. Ère náà ga tó sẹ̀ntímítà 75, iye tí wọ́n sì tà á ni £15.76 mílíọ̀nù. Àárín £4 mílíọ̀nù sí £6 mílíọ̀nù ni ilé gbàǹjo náà fúnra rẹ̀ ti fojú bù. Títí di ọjọ́ yẹn, kò tíì sí iṣẹ́ ọnà Íjíbítì àtijọ́ kankan tó pa irú owó bẹ́ẹ̀ ní gbàǹjo. Ẹni tó rà á kò jẹ́ kí ayé mọ orúkọ òun. Ẹni tó tà á ni káńsù ìlú Northampton, ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ère náà ti wà ní mùsíọ́mù wọn fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ, Arts Council England, àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ ọnà àti mùsíọ́mù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti gba ìwé-ẹ̀rí ìdánimọ̀ lọ́wọ́ mùsíọ́mù náà.

Bí wọ́n ṣe sábà máa ń sọ ìtàn yìí ni pé káńsù kan tẹ ìlànà lójú, àwọn àgbà iṣẹ́ mùsíọ́mù sì fìyà jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ṣùgbọ́n ó ku ibì kan. Gbogbo ìjà náà dá lórí ìwé tí wọ́n fi fi ère náà tọrẹ, lórí òfin, àti lórí iye owó. Ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gbẹ́ ère náà kò fi bẹ́ẹ̀ wọ inú ọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló jẹ́ kí títà náà burú tó bó ṣe burú.

Sekhemka gbé ayé ní nǹkan bí ọdún 2400 sí 2300 ṣáájú ìbí Jésù, lábẹ́ àwọn ọba tí àwọn òpìtàn ń pè ní ìran karùn-ún. Kì í ṣe ọba, kì í ṣe ọmọ ọba. Alábòójútó àwọn akọ̀wé ni, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti gòkè díẹ̀, tó sì rí owó san fún oníṣẹ́ ọnà tó mọ̀ ọ́n gbẹ́. Òkúta ẹfun ni wọ́n fi gbẹ́ ère rẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀dà kùn ún. Díẹ̀ nínú ọ̀dà náà ṣì wà lára rẹ̀. Ó jókòó gbọnyin, ojú rẹ̀ ń wo iwájú, ó tẹ́ ìwé òrépèté sórí itan. Ìyàwó rẹ̀, Sitmerit, wà nílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún, ó fọwọ́ gbá ojúgun ọkọ rẹ̀ mọ́ra. Kékeré ni wọ́n gbẹ́ ẹ, nítorí ẹni tó ni ère ni wọ́n máa ń gbẹ́ tóbi jù. Ọmọkùnrin kan, Seshemnefer, wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Lára ìjókòó náà ni wọ́n gbẹ́ àwọn tó ń gbé ìpèsè bọ̀ sí, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì.

Ẹ jẹ́ ká fojú sí ìwé tó wà lórí itan rẹ̀ yẹn. Kì í ṣe ìwé ìjọba tó ń kọ lọ́wọ́. Àwọn ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa gbé wá fún un lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n tò síbẹ̀.

Àwọn ará Íjíbítì ìgbà náà gbà pé ikú kì í pa gbogbo ènìyàn tán. Ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní ka, agbára tó ń gbé ènìyàn ró, tí wọ́n bí mọ́ ọn, tí kò sì kú pẹ̀lú ara. Ebi máa ń pa ka. Ó ń fẹ́ búrẹ́dì, ó ń fẹ́ ọtí ọkà, ẹran, aṣọ, òróró àti tùràrí. Ó sì ń fẹ́ ibi tí yóò máa gbé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú kí ó má baà jẹrà. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé òkú lè bàjẹ́ bó ti wù kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ tó, pé olè lè fọ́ ibojì, pé omi lè wọlé. Wọ́n wá gbẹ́ ère sílẹ̀ dè é. Bí ara bá lọ, ka ní ibòmíràn tí yóò bà lé. Àlùfáà yóò ṣe ètùtù ṣíṣí ẹnu fún ère náà, yóò fi irin iṣẹ́ kan ẹnu rẹ̀ kí ó lè mí, kí ó lè jẹun, kí ó lè gbọ́. Láti ìgbà yẹn lọ, ère náà kì í ṣe àwòrán ẹni tó kú mọ́. Ẹni náà gan-an ni, ní ibùgbé rẹ̀ kejì. Ẹni tó bá ti rí ìyá tó ń fi ẹ̀wà kan ẹnu ère ìbejì tirẹ̀ kò ní nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí.

Inú yàrá kékeré kan nínú ibojì ni wọ́n sábà máa ń fi irú ère bẹ́ẹ̀ sí ní ìgbà Sekhemka. Serdab ni àwọn awalẹ̀pìtàn ń pè é. Wọ́n á mọ ọ́n pa pátápátá, àfi ihò tóóró kan tí òórùn tùràrí ń gbà wọlé, tí ère náà sì lè máa gbà wo ohun tó ń lọ níta. Níta ni ibi ìrúbọ wà, níwájú ilẹ̀kùn òkúta tí kò ṣeé ṣí, tí ó jẹ́ pé ka nìkan ló lè gbà á kọjá. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé oúnjẹ sí.

Ta ló ń gbé e síbẹ̀ lójoojúmọ́? Ibí yìí ni mo ti máa ń rí i pé òye àwọn ènìyàn náà jinlẹ̀ gan-an. Wọn kò fi í sílẹ̀ fún ìfẹ́ ọmọ tàbí ìrántí ẹbí nìkan. Wọ́n fi ilẹ̀ lé e lórí. Olówó yóò ya oko kan sọ́tọ̀, yóò fi àwọn àlùfáà ka sí i, àwọn yìí ni yóò máa jẹ nínú èrè oko náà níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ń bọ́ òkú. Lẹ́yìn tí ka bá ti jẹ nínú oúnjẹ náà bó ṣe ń jẹ, àwọn àlùfáà á kó èyí tó kù, wọ́n á jẹ ẹ́. Ní Tehna, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Nikaankh, ará ìgbà ìran ọba karùn-ún náà, jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ẹ sára ògiri bí ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ yóò ṣe pín iṣẹ́ àlùfáà àti ilẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ ní oṣooṣù. Nígbà tó yá, Hapdjefai, gómìnà Asyut, bá àwọn àlùfáà ṣe àdéhùn mẹ́wàá lórí ìpèsè tirẹ̀, ó sì jẹ́ kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sínú ibojì rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́la pé òun kò mọ̀.

Síbẹ̀ wọ́n mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí oko náà yóò bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, tí àwọn ọmọ àlùfáà yóò sì gbàgbé. Fún ọjọ́ yẹn ni wọ́n ṣe gbẹ́ ìpèsè sára òkúta. Bí búrẹ́dì gidi kò bá wá mọ́, búrẹ́dì tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ á máa bọ́ ọ. Bí ẹni tó ń gbé ẹran wá bá kú, èyí tí wọ́n gbẹ́ sára ìjókòó kò ní kú. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ohun kan ṣoṣo tí òkú ń tọrọ lọ́wọ́ alààyè ni pé kí ó dúró, kí ó wò, kí ó sì dárúkọ òun. Lára ògiri ibojì àti òkúta ìrántí ni wọ́n máa ń kọ ẹ̀bẹ̀ yìí sí: ìwọ tó ń kọjá lọ, tó wà láàyè lórí ilẹ̀, sọ pé kí ẹgbẹ̀rún búrẹ́dì, ẹgbẹ̀rún ọtí, ẹgbẹ̀rún màlúù àti ẹgbẹ̀rún ẹyẹ jẹ́ ti lágbájá. Àwọn kan nínú òkúta tó dé lẹ́yìn ìgbà Sekhemka tilẹ̀ fi kún un pé èémí ẹnu lásán ni, kì í tán ni lápò.

Nítorí náà, bí a bá fi ojú ẹni tó ni ère wò ó, kò sí ohun tó burú tó kí wọ́n gbé e kúrò níwájú ènìyàn.

Wọ́n ti gbé e kúrò nínú ibojì ná. Ó jọ pé Saqqara, ibi ìsìnkú àtijọ́ kan lẹ́bàá Cairo, ni ibojì náà wà. Spencer Compton, Lọ́ọ̀dù Northampton kejì, ló kó ère náà bọ̀ láti ìrìn àjò tó rìn lọ sí Íjíbítì ní ọdún 1849 sí 1850. Ọ̀mọ̀wé ni ọkùnrin náà. Ó ti ṣe ààrẹ Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún ọdún mẹ́wàá. Ẹ kíyè sí ọdún náà. Muhammad Ali, tó ń ṣàkóso Íjíbítì, ti pàṣẹ ní ọdún 1835 pé kí wọ́n má ṣe kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde ní ilẹ̀ náà mọ́. Àṣẹ wà, ẹni tó ń mú un ṣẹ ni kò sí. Àwọn aláṣẹ tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ pàápàá ń fi ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ṣe àlejò: ní 1855, Said Pasha kó èyí tó kù nínú àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba ní Cairo fún Maximilian, ọmọ ọba Austria. Inú irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni Sekhemka ti wọ ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tí Íjíbítì fi máa ṣe òfin 117 ní 1983, tó fòpin sí kíkó irú ẹrù bẹ́ẹ̀ jáde, ère náà ti pẹ́ ní Northampton. Èyí ló fà á tí ilé ẹjọ́ kò fi wúlò fún Íjíbítì nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ní nǹkan bí ọdún 1880, ìdílé Lọ́ọ̀dù náà fi ère náà ta mùsíọ́mù ìlú lọ́rẹ. Bàtà ni Northampton fi lórúkọ. Iṣẹ́ bàtà ló sọ ìlú náà di ìlú, bàtà ló sì pọ̀ jù ní mùsíọ́mù wọn, tó fi jẹ́ pé wọ́n kà á mọ́ àwọn tó ní bàtà jù lọ láyé. Akọ̀wé Íjíbítì láàárín bàtà jẹ́ àlejò, òótọ́ ni. Nígbà tí káńsù kéde ní 2012 pé àwọn fẹ́ tà á, ohun tí wọ́n sọ nìyẹn: pé kò bá ohun tí mùsíọ́mù wọn ń kó jọ mu, pé owó ìbánigbófò àti ààbò rẹ̀ wúwo, pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti gbé e kúrò níbi tí àwọn ènìyàn ti ń wò ó. Wọ́n ní owó rẹ̀ ni àwọn yóò fi mú mùsíọ́mù náà gbòòrò.

Èmi kò lè gba ti ẹ̀kẹta yẹn wọlé. Ẹni tó gbé nǹkan pamọ́ kò lè wá fi pípamọ́ náà ṣe ẹ̀rí pé ẹnikẹ́ni kò fẹ́ rí i.

Kò pẹ́ tí Lọ́ọ̀dù Northampton keje fi yọjú. Ó ní nínú ìwé tí baba ńlá òun fi fi ère náà tọrẹ, káńsù kò ní ẹ̀tọ́ láti dá a tà. Wọn kò gbé e dé kóòtù. Wọ́n jókòó, wọ́n sì pín in: nígbà tí wọ́n tà á tán, káńsù gba nǹkan bí £8 mílíọ̀nù, Lọ́ọ̀dù gba nǹkan bí £6 mílíọ̀nù. Lójú tèmi, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ́ jù. Bí ìwé náà bá sọ lóòótọ́ pé kí wọ́n má tà á, ohun tó yẹ kó ṣe ni pé kí ó dá títà náà dúró. Bí kò bá sì sọ bẹ́ẹ̀, kí ni wọ́n ń fún Lọ́ọ̀dù lówó sí? Ẹ̀bún tí a fún gbogbo ìlú wá di ohun tí ẹni méjì jọ ní, wọ́n sì bára wọn pé kí ó di owó.

Àwọn ará ìlú kan kò gbà. Wọ́n kó ara wọn jọ láti gba Sekhemka sílẹ̀, wọ́n kọ ìwé ẹ̀hónú, wọ́n sì dúró síwájú ilé gbàǹjo lọ́jọ́ títà. Aṣojú Íjíbítì ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, Ashraf Elkholy, sọ̀rọ̀ tó le: bí káńsù kò bá fẹ́ ère náà mọ́, kí wọ́n dá a padà fún àwọn tó ni ín. Kò sí ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

Ohun tó jẹ́ kí ó ṣeé ṣe ni pé kò sí òfin tó de ọwọ́ káńsù. British Museum ní òfin tirẹ̀, ti ọdún 1963, tó kà á léèwọ̀ fún wọn láti yọ̀ǹda ohun tó wà níkàáwọ́ wọn àfi lábẹ́ àwọn ipò díẹ̀; òfin yìí náà ni wọ́n ń gbé jókòó nígbàkígbà tí a bá béèrè àwọn idẹ Benin. Mùsíọ́mù káńsù kò ní irú ìdè bẹ́ẹ̀. Ìlànà iṣẹ́ nìkan ló wà: ti Museums Association, ẹgbẹ́ àwọn mùsíọ́mù ní Bìrìtéènì, sọ pé bí mùsíọ́mù bá fẹ́ ta ohun kan fún owó, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé gbogbo ọ̀nà mìíràn ti dí, pé àwọn ohun tó kù níbẹ̀ ni owó náà yóò ṣe láǹfààní, pé wọ́n sì ti bá àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn sọ ọ́ dáadáa. Arts Council ní Northampton kò ṣe bó ṣe yẹ. Wọ́n gba ìwé-ẹ̀rí náà títí di oṣù kẹjọ ọdún 2019, ó kéré tán. Museums Association náà ní káńsù náà kò ní jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ àwọn fún ọdún márùn-ún. Mùsíọ́mù tí kò bá ní ìwé-ẹ̀rí náà, àwọn owó ìrànwọ́ kan kò sí fún un, àwọn mùsíọ́mù ńlá náà á sì máa fura kí wọ́n tó yá a ní ohun tiwọn.

Kì í ṣe Northampton ló kọ́kọ́ dẹ́jàá. Ní 2006, káńsù Bury ta àwòrán kan tí Lowry, ayàwòrán ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yà, láti fi dí ihò àpò wọn, wọ́n sì gba ìdánimọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ní 2013, káńsù Croydon kó ìkòkò tánganran ilẹ̀ Ṣáínà lọ sí gbàǹjo. Gbogbo wọn ló mọ ohun tí yóò tẹ̀yìn rẹ̀ jáde kí wọ́n tó ṣe é.

Ìjọba àpapọ̀ gbìyànjú ohun kan sí i. Ní oṣù kẹta ọdún 2015, mínísítà àṣà, Ed Vaizey, dá ìwé àṣẹ ìkẹ́rùjáde ère náà dúró, kí ẹni tó wà ní Bìrìtéènì lè wá owó tó lé ní £15 mílíọ̀nù láti rà á padà. Wọ́n sún un títí di òpin oṣù kẹjọ. Ẹnikẹ́ni kò yọjú. Ta ni yóò yọjú? Bí mùsíọ́mù kan bá kówó jọ láti rà á, owó aráàlú ni yóò tún fi ra ohun tó jẹ́ ti aráàlú tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn tí apá kan nínú owó àkọ́kọ́ ti wọ àpò Lọ́ọ̀dù. Àwọn tí kò fẹ́ títà náà rárá kò sì lè yíjú padà wá ná owó lórí rẹ̀. Ìgbà tí ọjọ́ pé, kò sí ìdè kankan mọ́.

Owó náà ṣe ohun tí wọ́n ní yóò ṣe, a kò lè jiyàn ìyẹn. Mùsíọ́mù Northampton tún ṣí ní 2021 pẹ̀lú àfikún ilé tó ná wọn ní £6.7 mílíọ̀nù. Lóṣù kẹrin ọdún yẹn náà ni wọ́n tú káńsù tó ta ère náà ká, tí wọ́n dà á pọ̀ mọ́ àwọn mìíràn láti di West Northamptonshire. Ìyà tí wọ́n fi jẹ káńsù ti parí, káńsù tó jẹ ìyà kò sí mọ́, ilé wà ní ìdúró. Bí mo bá jẹ́ akápò káńsù mìíràn tí mo ń wo èyí láti òkèèrè, mo lè ka ọdún márùn-ún láìní ìwé-ẹ̀rí sí owó orí lásán. (Káńsù yìí náà ló yá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú náà ní £10.25 mílíọ̀nù láàárín 2013 sí 2014, owó tí wọn kò rí gbà padà. Ó ju ohun tí Sekhemka mú wọlé fún wọn lọ.)

Ọ̀nà mìíràn wà, ọdún yẹn náà ni wọ́n sì tọ̀ ọ́ níbòmíràn. Ní St. Louis ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn olùfẹ́ ìmọ̀ awalẹ̀pìtàn kan ní ohun ọ̀ṣọ́ fàdákà àti ìkòkò òkúta tí àwọn ènìyàn Flinders Petrie, awalẹ̀pìtàn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, hú jáde nínú ibojì kan ní Harageh ní Íjíbítì, tí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí wọn ní 1914. Wọ́n kó o lọ sí ilé gbàǹjo Bonhams ní Lọ́ńdọ̀nù láti tà ní oṣù kẹwàá ọdún 2014. Ariwo sọ bí ó ti sọ lórí Sekhemka. Kí wọ́n tó lu gbàǹjo, wọ́n yọ ẹrù náà kúrò, Metropolitan Museum ní New York sì rà á lódidi. Àwọn tó tà á gba owó wọn. Ẹrù ibojì náà kò túká, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì mọ ibi tí wọ́n ti lè rí i. Ó ṣeé ṣe kí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ mú owó tó kéré sí £15.76 mílíọ̀nù wá fún Northampton, nítorí mùsíọ́mù kì í ná owó bí olówó aládàáni. Iye tí ìyẹn ìbá fi dín ni mo kà sí owó tí Sekhemka san.